Ibi tí Òjò Dúró Sí

Láàárọ̀ ọjọ́ kan láìpẹ́ yìí, ẹ̀rọ tó ń fa omi sínú táǹkì ilé wa ní Ìsọlọ̀ yí ohùn padà. Ohùn tí a mọ̀ mọ́ ọn jinlẹ̀, ó sì máa ń rọra lọ bí ẹni tó sùn wọra. Lọ́jọ́ náà, ńṣe ló ń súfèé, tó ń fa afẹ́fẹ́ dípò omi. Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi sáré jáde pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lẹ́nu. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo ilẹ̀, ó wá bi mí pé, "Màmá, tí omi bá gbẹ, níbo ló ń lọ?"

Mo ti gbọ́ ìbéèrè yẹn rí, bó ṣe bi í gẹ́lẹ́, láti ẹnu ọmọ kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju tirẹ̀ lọ. Ràfátù ni ọmọ náà ń jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ràfátù fún yín, àti ti ìyá rẹ̀, àti ti ìyá mi, àti ti ọdún kan tí òjò kọ̀ tí kò wá.

Ìsọlọ̀ ìgbà náà kì í ṣe Ìsọlọ̀ tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí mọ̀. A kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí a gba òmìnira. Oko ẹ̀gẹ́ àti igbó ṣúúrú-ṣúúrú ló wà láàárín wa àti Òṣòdì, ọ̀nà tó sì so wá pọ̀ kò fẹ̀ ju kí kẹ̀kẹ́ méjì yà fún ara wọn lọ. Tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ wá láti ọ̀hún, a máa ń gbọ́ fèrè rélùwéè láti inú oko, ẹni tó bá fẹ́ lọ bá àwọn oníbàárà Èkó ní ìdí ọkọ̀ á ti mọ̀ pé ilẹ̀ ti ń ṣú lé òun lórí. Lẹ́yìn ilé wa, ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ sí odò. Ojú ilẹ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ yìí ni àwọn obìnrin adúgbò ń gbin ẹ̀fọ́ sí, ebè lẹ́yìn ebè. Tẹ̀tẹ̀ tí ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ wà níbẹ̀, ṣọkọ tó ń dán, gbúre tó ń rá kálẹ̀, àti ewédú tó ga débi tí àwa ọmọdé fi lè sá pamọ́ sáàárín rẹ̀ tí wọ́n bá ń wá wa láti rán níṣẹ́.

Ọgbà ìyá mi ló wà nísàlẹ̀, ti Ìyá Ràfá, ìyá Ràfátù, ló wà lókè. Kànga kan ṣoṣo ló wà láàárín ọgbà méjèèjì. Bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní Èbúté Mẹ́ta tó sì máa ń wálé lópin ọ̀sẹ̀, àti ọkọ Ìyá Ràfá ni wọ́n jọ gbẹ́ ẹ nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Àìsàn mú ọkọ Ìyá Ràfá lọ nígbà tí Ràfátù ṣì ń rá kòrò. Mi ò gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni bèèrè pé ta ló ni kànga.

Àwọn ìyá wa méjèèjì kò jọra wọn rárá. Ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá ti dé ọgbà, ọkọ́ rẹ̀ ni ẹ ó máa gbọ́, kò ní gbé e sílẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí. Ewé ló ń gbìn, ewé ló ń tà, òun la fi ń jẹun tí a fi ń lọ sílé ẹ̀kọ́. Ìyá Ràfá ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọjọ́ orí rẹ̀ fi díẹ̀ ju ti ìyá mi lọ, ó sì máa ń bá ẹ̀fọ́ sọ̀rọ̀. Á kí wọn láàárọ̀, á bi wọ́n bí wọ́n ṣe sùn, á bá èyí tí kòkòrò jẹ kẹ́dùn. Kì í já gbogbo ẹ̀fọ́ rẹ̀ tà. Ó máa ń fi èyí tó dára jù sílẹ̀ kó yọ òdòdó, kó so, kó gbó. Àwọn kèrègbè kéékèèké tó kó irúgbìn sí so kọ́ lókè àdògán rẹ̀ níbi tí èéfín ti ń kan wọ́n. Láti Èjìgbò, láti Òkòtá, láti Òṣòdì pàápàá, àwọn ènìyàn ń wá gba irúgbìn lọ́dọ̀ rẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, ọyẹ́ wá lásìkò rẹ̀, kò sẹ́ni tó bá a jà. Ètè wa sán, ẹsẹ̀ wa funfun, èmi àti Ràfátù sì ń fi èékánná kọ orúkọ sára ojúgun ara wa. Nígbà tí ọyẹ́ lọ, òjò tó yẹ kó tẹ̀ lé e kò wá. Oòrùn nìkan ló kù, ó ń là láàárọ̀, ó ń wọ̀ nírọ̀lẹ́, kò sí kùrukùru kan lójú ọ̀run. Odò tí wọ́n máa ń kìlọ̀ fún wa pé ká má sún mọ́ ọn sá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di adágún wẹ́wẹ́, adágún wẹ́wẹ́ náà di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ sì gbẹ, ó sán, etí rẹ̀ ká sókè bí èèpo iṣu tí wọ́n sá sóòrùn. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ tó máa ń dá wa lágara pẹ̀lú ariwo nírọ̀lẹ́ dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wọn gan-an ló kọ́kọ́ ba ìyá mi lẹ́rù.

Wọ́n wá ń dá oríṣiríṣi ọgbọ́n. Wọ́n gé imọ̀ ọ̀pẹ, wọ́n fi ṣe ìbòji sórí àwọn ebè. Wọ́n fi koríko gbígbẹ bo ìdí ẹ̀fọ́ kí oòrùn má bàa rí ilẹ̀ lá. Ìyá Ràfá lu igbá kan ní ihò wẹ́wẹ́, ó ń fi wọ́n omi díẹ̀díẹ̀ kí ẹ̀kán kankan má bàa ṣòfò. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì, omi tí a fi fọ abọ́, omi tí a fi wẹ ọmọ, ìdí ẹ̀fọ́ ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ìyá Ràfá ní òun kò ní ṣe àlùwàlá lójúde mọ́. Àárín ebè tẹ̀tẹ̀ ló ń jókòó sí, bó bá ti ń fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀, omi á máa ṣẹ́ sórí àwọn tó kéré jù. Ìyá mi rí i, ó gbà pé ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu, òun náà pàṣẹ pé kò sẹ́ni tí yóò fọjú nínú ilé mọ́. Láàárọ̀, gbogbo wa á tò sáàárín ebè, a ó máa fọjú, a ó máa yọnu. Bàbá mi pàápàá, tó bá wá lópin ọ̀sẹ̀, á gbé dígí àti abẹ rẹ̀ lọ sídìí ewédú láti fá irùngbọ̀n. Ìbátan wa kan wá kí wa láti Agége, ó ní òun fẹ́ fi omi ra ara. Ìyá mi bi í, láìrẹ́rìn-ín, pé ṣé ìdí tẹ̀tẹ̀ ló fẹ́ àbí ìdí ilá.

Ìgbà yẹn ni Ràfátù bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè rẹ̀. Ọmọ tí kì í gba nǹkan gbọ́ bí kò bá fọwọ́ kàn án ni. Ó fẹ́ mọ ibi tí omi ń lọ. Ó bi tíṣà wa, tíṣà sì ṣàlàyé dáadáa pé oòrùn ló ń fà á lọ sókè. Ràfátù wo ojú ọ̀run fún ìgbà pípẹ́, ó ní bó bá jẹ́ òkè ló lọ, ó yẹ kí ibì kan lókè ti tutù. Ó bi ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ní omi sọ̀ kalẹ̀ lọ sùn sínú ilẹ̀ ni. Ó bi ìyá mi. Ìyá mi ní ó lọ síbi tí wọn kò ti ní í bi í ní ìbéèrè. Èmi àti ẹ̀ wá pinnu pé a ó wádìí rẹ̀ fúnra wa. A dọ̀bálẹ̀ sórí odò tó gbẹ, a fi etí lélẹ̀, bóyá a ó gbọ́ ọ tó ń mí. Ohun tí mo gbọ́ kò ju ẹ̀jẹ̀ ara mi lọ, ṣùgbọ́n Ràfátù ní òun gbọ́ nǹkan, kò sì jẹ́ kí n mọ ohun tó jẹ́.

Kànga náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í jó rẹ̀yìn. Garawa tó máa ń dún bì bó bá kan omi wá ń dún gbà lórí ilẹ̀. Bí ìyá mi bá fa díẹ̀, Ìyá Ràfá á dúró kí omi tún sun jáde kí òun tó fa tirẹ̀. Ní ìparí, wọ́n ránṣẹ́ pe ọkùnrin kúkurú kan tó ń jẹ́ Làmídì, tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ kànga. Ó so okùn mọ́ ìdí, ó sọ̀ kalẹ̀, èmi àti Ràfátù sì dojú bolẹ̀ létí kànga, a ń wo ìpàkó rẹ̀ tó ń kéré lọ. Iyẹ̀pẹ̀ pupa ló kọ́kọ́ ń gòkè wá nínú garawa, lẹ́yìn náà amọ̀ tó funfun díẹ̀, tó tutù, tí a fọwọ́ kàn tí inú wa dùn. Lẹ́yìn èyí, a kò gbọ́ ìró ọkọ́ mọ́. Ohun tí a gbọ́ ni irin tó ń lu nǹkan tí kò gbọ́ràn.

Làmídì gòkè padà, ó jókòó, ó nu ojú. "Yangí ni," ó sọ fún àwọn ìyá wa. "Ó le bí irin. Tí ẹ bá ní kí n máa lù ú, màá máa lù ú, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ tàn yín jẹ. Èyí tó ń sun yẹn náà lẹ ní."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn Mùsùlùmí kóra jọ sí gbangba lẹ́yìn ìlú láti tọrọ òjò. Mo bá Ràfátù lọ, mo dúró lábẹ́ igi, mò ń wò wọ́n. Mo rí Lèmọ́mù tó bọ́ agbádá ìlékè rẹ̀, tó yí inú rẹ̀ síta, tó sì tún un wọ̀. Àwọn ọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ràfátù sọ fún mi pé wọ́n ń yí aṣọ kí Ọlọ́run lè yí ọ̀rọ̀ náà padà ni. Ó wọ̀ mí lọ́kàn gidigidi. Lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì tiwa náà ya àkókò sọ́tọ̀ láti gbàdúrà òjò, mo wọ gáùn mi ní òdì, gbogbo ojú rírán rẹ̀ wà níta. A ti wà láàárín àdúrà kí ìyá mi tó rí mi. Ó já mi léèékánná, ó sì tún fi ìborùn rẹ̀ bò mí. Ṣùgbọ́n kò ní kí n bọ́ ọ.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án, ojú ọ̀run ṣú níhà Òṣòdì. Kì í ṣe àwàdà rárá, ó ṣú dúdú. Atẹ́gùn gbé eruku dìde, àwọn adìyẹ sá wọlé, òórùn òjò kún imú wa. Gbogbo adúgbò gbé ìkòkò, agbada, báfù, gbogbo ohun tó ní ẹnu, síta sábẹ́ etí òrùlé. Ìyá mi dúró láàárín ọgbà rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì jáde bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ. Àrá sán. A dúró. Àrá tún sán, ṣùgbọ́n èyí ti jìnnà sí wa díẹ̀. Nígbà tó yá, oòrùn yọ, ó ń ràn sórí gbogbo ìkòkò òfìfo tó tò sílẹ̀.

Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ dé láti Òṣòdì. Aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, omi ń kán láti ara fìlà rẹ̀. Ó ní wọ́n ń gbá omi jáde nínú ṣọ́ọ̀bù ní ìdí rélùwéè. Àwọn ènìyàn wò ó bí ẹni tó jí nǹkan wọn. Ràfátù lọ bá a, ó fọwọ́ kan aṣọ rẹ̀, ó fún un díẹ̀, ó wo omi lọ́wọ́ ara rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó ní, "níbo ló dúró sí?"

"Kí ló dúró?"

"Òjò náà, sà. Ẹ̀yin dé síbí, aṣọ yín tutù. Àwa ò tutù. Ó gbọ́dọ̀ dúró síbì kan."

Ọkùnrin náà ronú sí i, ó sì jẹ́wọ́ pé òun kò wo ilẹ̀, òun sáà ń wa kẹ̀kẹ́ òun lọ ni.

Ìdí nìyẹn tí èmi àti Ràfátù fi mú ọ̀nà Òṣòdì pọ̀n láìsọ fún ẹnikẹ́ni. A fẹ́ rí ibi tí òjò dúró sí. Ẹ̀gẹ́ wà lọ́tùn-ún, ẹ̀gẹ́ wà lósì, eruku ń bò wá dé orúnkún. A rìn títí tí mo fi ní ká padà. Ràfátù ní ká dé ibi igi kan. A dé ibi igi náà, ó ní ká dé ibi ọ̀nà ti yà. Ibi tí ọ̀nà ti yà yẹn ni a ti rí i.

Kì í ṣe ìlà tó gún bí èyí tí wọ́n fi rúlà fà. Eruku kọ́kọ́ ní àpá wẹ́wẹ́ bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná mú, àpá náà ń pọ̀ sí i, ní ìwọ̀nba ìṣísẹ̀ díẹ̀ sì rèé, ilẹ̀ ti pọ́n, ó ti rin, omi dúró sójú ipasẹ̀ kẹ̀kẹ́. Inú oko ẹ̀gẹ́ kan ló gbà kọjá. Apá kan oko náà ń dán, ewé rẹ̀ ń kán omi, apá kejì rọ sílẹ̀ bí aṣọ àlòkù. Ràfátù fi ẹsẹ̀ kan síhìn-ín, ó fi ìkejì sọ́hùn-ún, ó wo òkè tààrà bóyá òun á rí àpá kan lójú ọ̀run. Kò rí nǹkan kan.

"Ẹni tó ni oko yìí," ó ní, "ṣé á dúpẹ́ ni, àbí á bínú?"

Mo bu ẹrẹ̀ díẹ̀ sínú ewé ẹ̀gẹ́, mo dì í, a sì yíjú sílé.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a dé. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú pàṣán lọ́wọ́, Ìyá Ràfá sì ń bọ̀ láti ọ̀nà odò níbi tó ti ń wá wa. Kí ìyá mi tó gbé ọwọ́ sókè, mo na ewé náà sí wọn. Ìyá Ràfá ló gbà á. Ó tú u, ó gbé e sún mọ́ imú, ó fa òórùn rẹ̀ símú, ó sì jókòó sórí òkúta etí kànga bí ẹni tó ti ibi jíjìn dé. Kò sẹ́ni tó nà wá.

"Ìyá Délé," ó sọ fún ìyá mi, nítorí Délé ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń jẹ́, "kànga yìí kò lè bọ́ ọgbà méjì mọ́. Jẹ́ kí tèmi kú. Tìrẹ lò ń tà, òun lo fi ń bọ́ àwọn ọmọ."

"Irúgbìn wà lọ́gbà tiyín," ìyá mi fèsì. "Ó kù díẹ̀ kó gbó. Tó bá kú, kí la máa gbìn tí òjò bá dé?"

"A ó rí i níbòmíràn."

"Níbo? Ṣebí ọ̀dọ̀ yín ni gbogbo wọn ti ń wá gbà á."

"Ọkọ rẹ ló gbẹ́ kànga."

"Ọkọ tiyín náà ló gbẹ́ ẹ, Ìyá Ràfá."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bẹ ara wọn títí ilẹ̀ fi ṣú, olúkúlùkù ní ọgbà òun ni kó kú. Wọn kò rí i yanjú. Wọ́n kí ara wọn pé ó dàárọ̀, wọ́n sì pínyà.

Ìró ọkọ́ ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo jáde, mo rí ìyá mi láàárín ọgbà rẹ̀. Ó ti ro ewédú lulẹ̀, ó ti ro ṣọkọ, ó ti wà lórí tẹ̀tẹ̀. Èyí tó ṣeé tà nínú rẹ̀, ó ti dì í ní ìdì-ìdì. Èyí tí kò ṣeé tà, ó kó o jọ fún ewúrẹ́. Ebè ilá kan wà létí ọgbà tó jẹ́ tèmi, òun ló fún mi, òun náà ló kọ́ mi bí mo ṣe máa tọ́jú ẹ̀, ìdí ẹ̀ ni mo sì ti ń fọjú láràárọ̀. Ó ti ro ìyẹn náà.

Ìyá Ràfá dé pẹ̀lú garawa lọ́wọ́. Ó dúró. Ó wo ilẹ̀ tó ti di gbangba.

"Kí lò ń ṣe yìí?"

"Mo ti ṣe é tán," ìyá mi sọ, kò sì gbójú sókè. "Ẹ gbé garawa yẹn wá ká lọ bomi rin tiyín kí oòrùn tó mú."

Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn débi pé mi ò lè jẹun. Ilá mi ló ń dùn mí, mi ò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan nípa irúgbìn. Ràfátù kò sọ pé kí n má sunkún. Ó mú mi lọ sínú ọgbà wọn, sídìí ebè ewédú kan tó ti ń so, ó fi ẹsẹ̀ fa ìlà láàárín rẹ̀, ó ní, "Láti ibí lọ sókè jẹ́ tìẹ." Kò bi ìyá rẹ̀ léèrè. Láti ọjọ́ náà, èmi ni mò ń bomi rin apá tèmi, mo sì ń wo apá tiẹ̀ ní kọ̀rọ̀ bóyá ó dára jù tèmi lọ.

Àwọn ìyá wa wá jọ ń tọ́jú ọgbà kan. Kò rọrùn fún wa nílé. Gààrì la ń jẹ, ìyá mi sì ń ṣẹ́ igi ìdáná lọ tà ní Òṣòdì. Àmọ́ lójoojúmọ́, kó tó lọ àti lẹ́yìn tó bá dé, ẹ ó rí òun àti Ìyá Ràfá létí kànga, tí wọ́n ń dúró de omi kó sun. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rín ìyá mi dáadáa. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Tí a bá sún mọ́ wọn, wọ́n á dákẹ́.

Irúgbìn gbó. Èso ewédú dúdú, ó ń ṣẹ́ bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, orí tẹ̀tẹ̀ sì wúwo títí ó fi tẹ̀. A gé wọn, a fọwọ́ ra wọ́n, Ìyá Ràfá fẹ́ ìyàngbò kúrò, ó sì tẹ́ ẹní sílẹ̀ lókè ọgbà, ó sá gbogbo irúgbìn náà sóòrùn kó lè gbẹ kó tó kó o sínú kèrègbè. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù wà lórí ẹní náà. Ẹ ó ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Òjò dé láti ẹ̀yìn wa lọ́jọ́ yẹn, láti ìhà odò, níbi tí a kò wò. Kò sán àrá kankan. A kàn gbọ́ ìró bí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn lórí ewé gbígbẹ, kí a sì tó mọ ohun tó jẹ́, ó ti dé orí wa. Gbogbo Ìsọlọ̀ ló ń yọ̀, a ń gbọ́ ariwo wọn láti ilé dé ilé. Àwa nìkan ni kò yọ̀. Ìyá Ràfá ń sáré, ó ń kígbe pé kí a ká a, kí a ká a. Ìyá mi di etí ẹní kan mú, Ràfátù di èkejì, èmi dojú bo èyí tó kù kí òjò má bàa rí i. Ẹní ya, irúgbìn ń yọ̀ bọ́ láàárín ìka wa, òjò ń gbá a lọ. A kó èyí tí a rí kó wọlé, a dà á sórí aṣọ gbígbẹ, a sì ń wo ara wa pẹ̀lú ẹrẹ̀ lójú. Ìyá Ràfá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní a ti bẹ̀ ẹ́ pé kó wá, àbí a kò bẹ̀ ẹ́, ìgbà tó wá tán la ń lé e. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìyá mi fi di ògiri mú.

Ó lé ní ìdajì irúgbìn náà tí a rí gbà là, ó sì tó fún gbogbo ẹni tó wá tọrọ lọ́dún náà. Èyí tí òjò gbá lọ gba ojú ilẹ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó sì dúró sórí ilẹ̀ ìyá mi tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, nǹkan hù lórí ilẹ̀ náà. Tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ṣọkọ jọ hù pọ̀, kò sí ebè, kò sí ìlà, ó kàn rí jánganjàngan. Ìyá mi, tí kì í fẹ́ kí koríko kan dúró níbi tí kò yẹ, dúró wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó sì lọ gbé ọkọ́ rẹ̀ kọ́ padà. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún mọ ààlà láàárín ọgbà méjèèjì.

Ràfátù kò pẹ́ lọ́dọ̀ wa lẹ́yìn èyí. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kan tó ń gbé ní Kánò wá mú un lọ kó lè máa kàwé lọ́hùn-ún. A sìn wọ́n dé ìdí rélùwéè ní Òṣòdì. Ohun tó bi mí kó tó wọ ọkọ̀ ni pé ṣé òjò Kánò àti tiwa jọ ń ti ibì kan náà wá. Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní òun á wò ó, òun á sì wá sọ fún mi. Fún ìgbà díẹ̀, a ń gbúròó rẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ń ti ọ̀hún bọ̀. A gbọ́ pé ó ti lọ́kọ. A gbọ́ pé wọ́n ti kó kúrò níbi tí wọ́n wà. Lẹ́yìn ìyẹn, a kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ìyá rẹ̀ náà kò sì gbọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ó wà láàyè. Títí di òní, mo ṣì máa ń ronú ohun tó gbọ́ lọ́jọ́ tí a fi etí lélẹ̀ lórí odò.

Àwọn tó ni ilẹ̀ ta ilẹ̀ náà, wọ́n sì di kànga pa. Ilé ló kún ibẹ̀ báyìí, ilé olókè àti ṣọ́ọ̀bù, odò sì ti di gọ́tà tí àwọn ènìyàn ń da pàǹtí sí. Tí òjò bá ń bọ̀ báyìí, ohun tí a kọ́kọ́ ń bèèrè ni ọ̀nà wo ni omi máa dí. Ẹ̀fọ́ ń ti ọ̀nà jíjìn wá bá wa nínú ọkọ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ọwọ́ tó gbìn ín. Mi ò sọ pé ayé àtijọ́ dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyà wà nínú rẹ̀, mo sì jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò sí ìgbà kan tí omi pọ̀ tó débi pé ènìyàn kò ní nílò ẹni tí wọ́n á jọ dúró létí kànga.

Àwọn obìnrin méjèèjì dàgbà, wọ́n di arúgbó. Ìyá Ràfá kó lọ sí Èjìgbò, ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń lọ sópin, Ìyá Ràfá á wọkọ̀ wá. Wọ́n á gbé àga síwájú ilé, lórí kọnkéré, wọ́n á sì máa wo ojú ọ̀run láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, láìní ebè kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ bomi rin. Ọ̀kan á ní ó jọ pé ó ń bọ̀. Èkejì á ní kí n lọ ká aṣọ.

Lẹ́yìn tí Ìyá Ràfá kú ni mo tó lè bi ìyá mi nípa àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo ní, "Ṣé kò dùn yín ni, nígbà tí ẹ ń ro ọgbà yín lulẹ̀?"

Ó ní ó dùn òun. Ó ní òun kọ́kọ́ jókòó sáàárín ebè, òun sunkún tẹ́rùn, kí ojú òun lè mọ́ kí òun tó gbé ọkọ́.

"Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ni," ó ní. "Tí mo bá dúró de ìgbà tó máa gbà, a ó kàn máa bẹ ara wa títí ọgbà méjèèjì á fi kú."